Kí Ni Ó Ń Yí Kiri Lójú Fóònù?

 

Nínú kíláàsì àwọn àgbà kan ní Múṣin, ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Ojúwoyè mú ọ̀rọ̀ kan wá. Ó ní ọmọ òun, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ń wo àwòrán nínú fóònù òun. Ṣàdédé ni àwòrán náà dúró, nǹkan róbótó kékeré kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí kiri lójú fóònù. Ọmọ náà bi í pé, "Màámi, kí ni nǹkan yìí ń wá kiri?" Ìyá ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Ọmọ ní, "Kí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì?" Ìyá kò mọ ohun tí yóò wí. Ni ó bá jágbe mọ́ ọn pé kí ó jẹ́ kí òun sinmi.

Ìyá náà wí fún wa pé, "Ìbéèrè rẹ̀ kọ́ ni ó dùn mí. Ohun tí ó dùn mí ni pé láti ìgbà náà, kò bi mí ní nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. Àwa tí a dàgbà kí a tó mọ ìwé, a mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí ènìyàn bá béèrè ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì pa á lẹ́nu mọ́. A kò fẹ́ kí ó ṣe àwọn ọmọ wa bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí. Kò sí ohun tí ó le nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìlù rí, tí ó sì ti da omi rí, ó ti mọ ìdajì rẹ̀.

1. ÀMÌ

Ẹ pe ọmọ yín sún mọ́ tòsí. Ẹ bá a ṣe àdéhùn báyìí: bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, ó já sí pé, "Mo ti dé." Bí ẹ bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó já sí pé, "Gbé omi wá." Bí ẹ bá kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ó já sí pé, "Wá jẹun." Ẹ bọ́ síta, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì kàn án. Ọmọ yóò dáhùn láti inú yàrá. Ẹ kò la ẹnu yín rárá, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ti dé etí rẹ̀.

Kíkàn kọ̀ọ̀kan yẹn ni a óò máa pè ní àmì. Àmì lè jẹ́ ìró ọwọ́ lára ilẹ̀kùn. Ó lè jẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì tí a tàn tí a sì tún pa. Ó lè jẹ́ iná mànàmáná tí ó gba inú wáyà lọ fún ìgbà díẹ̀ kíún. Gbogbo ohun tí fóònù ń gbé kiri, ì báà ṣe ohùn, ì báà ṣe àwòrán, ì báà ṣe owó tí a fi ránṣẹ́ láti báǹkì, àmì bẹ́ẹ̀ náà ni: ó wà, kò sí; ó wà, ó wà, kò sí.

Nǹkan méjì ni ó ń mú kí àmì wúlò. Èkíní, ẹni tí ń ránṣẹ́ àti ẹni tí ń gbà á gbọ́dọ̀ jọ mọ àdéhùn. Èkejì, a gbọ́dọ̀ lè dá àmì kan mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ mú èkejì yìí dání, torí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé.

2. ÌLÙ DÙNDÚN

Àwọn baba wa ti mọ ọ̀rọ̀ àmì tipẹ́tipẹ́. Dùndún ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ó gbọ́ ìlù sì ń fi ẹsẹ̀ dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ìlù lè gbé àti ohun tí kò lè gbé.

Èdè wa ní ohùn mẹ́ta: dò, re, mí. Bí onílù bá fún ọsán ìlù mọ́ra, ohùn ìlù a lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wá sílẹ̀. Ohùn yìí ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀. Kò lè pe "b", kò lè pe "k", kò sì lè pe "a" tàbí "i".

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: ilé, owó, igbá, ọkọ́. Ní ẹnu wa, wọ́n yàtọ̀ gedegbe. Ní ojú ìlù, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn: re mí, re mí, re mí, re mí. Bí onílù bá lu "re mí" péré, ta ni yóò mọ̀ bóyá ilé ni ó wí tàbí owó?

Kí ni onílù wá ń ṣe sí i? Kì í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí ó dákẹ́. Ó ń lu gbólóhùn gígùn. Ó ń lu oríkì. Ó ń lu òwe tí etí gbogbo ènìyàn ti mọ̀. Bí gbólóhùn bá gùn, a ó mọ ibi tí ó ń lọ. Ọ̀nà tí ìlù ní tóóró, onílù sì fi àkókò dí i. Bí ọ̀nà bá tóóró, àfi kí a fi sùúrù kún un. Ẹ ó tún bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé níwájú.

3. ÀLÀFO

Ní 1844, ní Amẹ́ríkà, Samuel Morse fi wáyà ránṣẹ́ láti Washington sí Baltimore. Oríṣi àmì méjì péré ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò: kúkúrú àti gígùn. Ẹ jẹ́ kí á pe kúkúrú ní "tí", kí á sì pe gígùn ní "tàà". Àdéhùn wọn nìyí:

A ni tí tàà.
B ni tàà tí tí tí.
D ni tàà tí tí.
E ni tí kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí á fi kọ ADE. Yóò jẹ́: tí tàà, tàà tí tí, tí.
Ẹ jẹ́ kí á fi kọ AB. Yóò jẹ́: tí tàà, tàà tí tí tí.

Nísinsìnyí, ẹ fi ọwọ́ lu tábìlì láìdúró níbì kankan: tí tàà tàà tí tí tí. Ṣé ADE ni, àbí AB? Kò sí ẹni tí ó lè mọ̀. Àmì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé, ọ̀kan kò sọnù nínú wọn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Àlàfo àárín wọn ni ó sọnù.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹlòmíràn lọ. Bí a bá kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí papọ̀ láìfi àyè sáàrin wọn, kíkà rẹ̀ yóò di ìyà. Iṣẹ́ ni àyè funfun yẹn ń ṣe.

4. PÁÀNÙ ÀTI OMI

Ọ̀nà tí a fi lè fi ọ̀rọ̀ yìí han ọmọdé nìyí. Ẹ wá ògbólógbòó páànù ìkọ́lé kan tí ó gùn. Ẹ ṣọ́ra o, etí páànù a máa gé ènìyàn lọ́wọ́. Àgbàlagbà ni kí ó gbé e, kí ó sì fi àkísà wé etí rẹ̀. Ẹ gbé orí rẹ̀ lé búlọ́ọ̀kù kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀. Kí ó má dàgẹ̀rẹ̀ jù. Ẹ gbé báàfù sí ìsàlẹ̀ kí omi má baà ṣòfò. Omi tí a fi ṣan aṣọ náà tó. Lẹ́yìn náà, ẹ mú agolo mílíìkì kékeré kan.

Ọmọ ni kí ó jókòó sí ìsàlẹ̀. Ẹ ní kí ó fi ìka kan sínú ọ̀kan nínú àwọn ipa tí omi òjò máa ń gbà lára páànù, ní ibi tí ẹ ti fi àkísà wé etí rẹ̀, kí ó sì di ojú. Ẹ̀yin, ẹ da agolo omi kan sí ipa náà lókè. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, kí ẹ tó da òmíràn. Ọmọ yóò máa kà á bí ó ti ń kan ìka rẹ̀: "Ọ̀kan! Méjì! Mẹ́ta!" Kò ní í ṣì í kà.

Wàyí o, ẹ máa dà á kíákíá, ọ̀kan lé èkejì lórí. Ọmọ yóò dákẹ́. Yóò ní, "Omi kàn ń ṣàn ni." Ẹ̀yin mọ̀ pé agolo mẹ́jọ ni ẹ dà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀, kò sí mẹ́jọ mọ́. Ìṣàn kan ṣoṣo ni.

Kí ló fà á? Bí omi ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń tẹ́. Lókè, omi agolo kan kó jọ síbì kan. Kí ó tó dé ìsàlẹ̀, iwájú rẹ̀ ti sáré lọ, ìdí rẹ̀ sì ń fà bọ̀ lẹ́yìn. Bí òmíràn bá tètè dé, iwájú rẹ̀ yóò bá ìdí ti àkọ́kọ́, wọn a sì dàpọ̀.

Bí ó ti ń ṣe àmì nínú wáyà gan-an nìyí. Àmì kúkúrú ni a fi sí i níhìn-ín, àmì tí ó ti tẹ́ ni yóò dé ọ̀hún. Bí wáyà bá ti gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni àmì ń tẹ́ tó. Nítorí náà, gbogbo ọ̀nà ni ó ní iye àmì tí ó lè gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí wọn kò fi ní í dàpọ̀. Ọ̀nà tí ó lè gbé púpọ̀, a ní ìbú rẹ̀ fẹ̀. Èyí tí ó ń gbé díẹ̀, a ní ìbú rẹ̀ kéré.

Ẹ dán nǹkan méjì sí i wò. Èkíní, ẹ fi agolo ńlá rọ́pò kékeré, kí ẹ tún máa dà á kíákíá. Ṣé kíkà á wá rọrùn? Ó ti o. Omi yóò kún ipa náà, yóò sì ya lọ bá ipa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èkejì, ẹ padà sí agolo kékeré. Ẹ máa da ọ̀kan sí ipa ọ̀tún, ọ̀kan sí ipa òsì, pẹ̀lú sùúrù bí ti àkọ́kọ́. Ọmọ yóò fi ìka ọwọ́ méjèèjì kà á, iye tí ó kà yóò sì di ìlọ́po méjì. Ẹ ò rí i pé agbára kò ràn wá lọ́wọ́? Ipa kejì ni ó ràn wá lọ́wọ́.

5. OKÙN ABẸ́ ÒKUN

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti ṣe àṣìṣe agolo ńlá yìí rí. Ní 1858, wọ́n tẹ́ okùn wáyà kan sí ìsàlẹ̀ òkun láti Ireland dé Newfoundland, ní ìhà Amẹ́ríkà. Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìkíni ránṣẹ́ sí Buchanan, Ààrẹ Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ 98 ni ìkíni náà. Wákàtí 16 ni ó gbà kí ó tó wọlé tán! Okùn náà gùn, àmì sì ń tẹ́ nínú rẹ̀ bí omi ti ń tẹ́ lórí páànù.

Wildman Whitehouse, ẹni tí ó ń bójú tó iná okùn náà, rò pé agbára ni kò tó. Ó fi iná tí ó tó bí fólítì 2,000 sínú rẹ̀. Ẹ rántí pé iná ilé wa kì í ju bíi 230 sí 240 lọ. Okùn náà, tí ara rẹ̀ kò le tẹ́lẹ̀, kú láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Owó ńlá sì bá òkun lọ.

Ọ̀mọ̀wé mìíràn wà, William Thomson, ẹni tí wọ́n wá ń pè ní Lord Kelvin nígbà tí ó yá. Òun ti ń wí pé kí wọ́n lo iná díẹ̀, kí wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ tí yóò lè rí àmì tí kò lágbára ní òdìkejì. Ọ̀nà tirẹ̀ ni wọ́n padà tẹ̀ lé. Okùn tí wọ́n tẹ́ ní 1866 ń gbé bí ọ̀rọ̀ 8 ní ìṣẹ́jú kan. Lójú wa lónìí, èyí kò tó nǹkan. Lójú àwọn ará ìgbà náà, ìyanu ni.

Ní 1886, irú okùn bẹ́ẹ̀ dé Èkó. Ilé-iṣẹ́ tí à ń pè ní African Direct Telegraph Company ni ó tẹ́ ẹ. Kí ó tó dé, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé lẹ́tà láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni lẹ́tà sì ń lò lójú òkun. Nígbà tí okùn dé, ìròyìn kúkúrú kò tún ní láti dúró de ọkọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kà gba owó, nítorí pé ọ̀nà náà tóóró, àwọn tí ó fẹ́ gba ibẹ̀ sì pọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń kọ tẹligíráàmù fi ń gé ọ̀rọ̀ kúrú: "Baba ṣàìsàn. Wá kíá." Ẹni tí ó sanwó mọ̀ pé ìbú ọ̀nà ni òun ń rà.

6. FÓÒNÙ ỌWỌ́ WA

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sí fóònù. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbọ̀n. Ohùn tí ó wálẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ohùn tí ó ga ń gbọ̀n kíákíá. Etí ọmọdé lè gbọ́ ohun tí ó ń gbọ̀n láti bíi ìgbà 20 títí dé bíi ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe ọ̀nà tẹlifóònù kò fi gbogbo rẹ̀ sí i. Láti bí 300 dé bí 3,400 ni wọ́n mú, nítorí pé ìyẹn tó fún ènìyàn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀rọ ń wọn ohùn náà ní ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń fi àmì 8 kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ àmì 64,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ohùn ènìyàn kan ṣoṣo! Fóònù alágbèéká ní ọgbọ́n tí ó fi ń dín iye yìí kù.

Bí wọ́n ti gé ohùn kúrú báyìí, nǹkan kan sọnù. Ọ̀pọ̀ nínú ìró "f" àti "s" ga ju ibi tí wọ́n gé e dé lọ. Bí ẹnìkan bá wí lórí fóònù pé "ó ti sá", a lè gbọ́ ọ bí "ó ti fá". Kí ni à ń ṣe nígbà náà? À ń pariwo! Nínú bọ́ọ̀sì láti Yábà dé Ojúẹlẹ́gba, gbogbo èrò ọkọ̀ ni yóò mọ̀ pé a ń tẹlifóònù. Ṣùgbọ́n ariwo kò lè dá ohun tí ọ̀nà ti gé kúrò padà. Agolo ńlá ni ariwo. Ohun tí onílù ń ṣe ni kí á ṣe: kí á fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀. Kí á wí pé, "Ó ti sá lọ sílé," ẹni tí ń gbọ́ wa kò ní í ṣì í gbọ́ mọ́. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun ti ń gbé ohùn tí ó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ ń yéni sí i nínú wọn.

Àwòrán ńkọ́? Àmì tí àwòrán tí ń rìn ń fẹ́ pọ̀ ju ti ohùn lọ lọ́nà púpọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tẹ́ okùn tí ìbú rẹ̀ fẹ̀. Ní 2010, okùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MainOne dé Èkó láti Portugal. Gígùn rẹ̀ tó bíi kìlómítà 7,000. Nínú irú okùn báyìí, ìmọ́lẹ̀ ni àmì, ó sì ń gba inú gíláàsì tí ó tín-ín-rín bí irun orí. Ìmọ́lẹ̀ náà ń sáré tó bíi kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n lè fi ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi sínú gíláàsì kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ipa oríṣiríṣi lára páànù. Síbẹ̀, àmì ìmọ́lẹ̀ pàápàá ń tẹ́ bí ó ti ń lọ. Kò sí ọ̀nà tí kò ní ìwọ̀n.

Láti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó wà ní àdúgbò dé ọwọ́ wa, afẹ́fẹ́ ni àmì ń gbà. Afẹ́fẹ́ náà ní ìbú, wọ́n sì ń pín in bí ẹni pín ilẹ̀. Ní oṣù Díṣẹ́ḿbà 2021, Àjọ NCC, tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, fi ìbú kan ṣe gbàǹjo fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì 5G. Ilé-iṣẹ́ méjì ni ó rà á, MTN àti Mafab. Mílíọ̀nù 273.6 owó dọ́là ni iye tí wọ́n dá lé ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kò lè fi ọwọ́ kan ohun tí wọ́n rà, ẹ kò sì lè fi ojú rí i, ṣùgbọ́n ó ní ààlà bí ilẹ̀ ti ní ààlà.

Gbogbo àwa tí a wà lábẹ́ òpó kan ni a jọ ń pín ìbú tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èrò bá kún Ojúẹlẹ́gba, tí ẹni yìí ń pè, tí ẹni yẹn ń wo bọ́ọ̀lù, tí ẹlòmíràn ń fi owó ránṣẹ́, ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn gbé agolo yí páànù kan ṣoṣo ká. Òpó kò ní í jẹ́ kí wọ́n dà á pa pọ̀. Yóò ní kí olúkúlùkù dúró de ìgbà tirẹ̀. Ìdúró yìí ni nǹkan róbótó nì ń fi hàn wá.

7. ỌJỌ́ TÍ OKÙN JÁ

Nígbà mìíràn, kì í ṣe èrò ni ó pọ̀, ọ̀nà ni ó dín. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù Máàṣì 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ nísàlẹ̀ òkun lẹ́bàá Abidjan ní Côte d'Ivoire. Orúkọ wọn ni WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE. Èkó jìnnà sí ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà dé ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ àwọn báǹkì kan dẹnu kọlẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì sì ń wọ́ bí ìgbín. Gbogbo okùn kọ́ ni ó já. Glo-1 àti Equiano ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń gba ipa púpọ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń fún ara rẹ̀ gba ipa díẹ̀.

Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ a máa rò pé fóònù òun ni ó bàjẹ́. A tilẹ̀ ti rí ẹni tí ó gbé fóònù tí nǹkan kan kò ṣe lọ fún alátùn-únṣe, tí ó sì sanwó. Kí á tó náwó, kí á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ará ilé kejì bí tirẹ̀ ṣe ń ṣe.

Ẹ̀kọ́ mìíràn sì tún wà níbẹ̀ fún àwa tí a ti mọ ìwé kọ. Bí ìpè kò bá kọjá nígbà tí èrò pọ̀ lábẹ́ òpó, ẹ gbìyànjú àtẹ̀jíṣẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan lè gba lẹ́tà 160, àmì tí ó sì ń fẹ́ kéré gan-an sí ti ohùn. Ó lè rí àlàfo gbà níbi tí ohùn kò ti rí i. Bí a bá fi àmì sábẹ́ ẹ, ọ tàbí ṣ, iye lẹ́tà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan lè gbà yóò dín sí 70, nítorí pé ẹ̀rọ ń lo àmì púpọ̀ sí i fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. A kò wí pé kí ẹ má kọ Yorùbá bí ó ti yẹ o! Ohun tí a wí ni pé kí ẹ mọ ìdí tí owó àtẹ̀jíṣẹ́ fi lè di ti méjì.

8. OHUN TÍ A Ó SỌ FÚN ỌMỌ

Ẹ má sọ gbogbo èyí fún ọmọ ọdún mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Òun náà ní ìbú tirẹ̀! Bí ẹ bá dà á lé e lórí kíákíá, yóò dàpọ̀. Ẹ sọ díẹ̀, kí ẹ dúró, kí ẹ jẹ́ kí ó béèrè. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti jọ fi páànù ṣeré, ẹ lè wí báyìí:

"Ọmọ mi, àwòrán tí ò ń wò kò wá lódindi. Wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń dà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí mo ti ń da omi sórí páànù. Àwọn tí ó ń da tiwọn pọ̀ nísinsìnyí. Bí gbogbo wọn bá dà á pa pọ̀, a kò ní í mọ tìẹ yàtọ̀. Nítorí náà, olúkúlùkù ń dúró de ìgbà tirẹ̀. Nǹkan róbótó yẹn kò wá nǹkan kan kiri. Ó ń sọ fún ọ pé kí o dúró díẹ̀, tìẹ ń bọ̀."

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun àti ọmọ òun da omi títí tí ara àwọn fi tutù. Ó ní ọmọ náà ka agolo mọ́kànlá láìṣì í kà. Nígbà tí wọ́n ń kó páànù kúrò nílẹ̀, ọmọ náà bi í pé, "Màámi, ta ni ó wá ń da ti inú fóònù lókè?"

Ìyá náà ní, "Èmi náà kò tíì mọ ìyẹn. Jẹ́ kí n béèrè ní kíláàsì." Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ìbéèrè náà wá fún wa.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìdí tí ìlù dùndún kò fi lè fi ìyàtọ̀ sáàrin ilé àti owó? Kí ni onílù ń ṣe sí i?

2. Ẹ fi tí àti tàà kọ DAB. Ẹ fi àlàfo sí i.

3. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Whitehouse fi agbára kún iná inú okùn?

4. Bí fóònù yín kò bá gbé ìpè lọ nígbà tí èrò pọ̀, kí ni ẹ lè ṣe?

5. Ìbéèrè wo ni ọmọ yín bi yín tí ẹ kò tíì dáhùn? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.